Ọwọ́ Òsì Bàbá Mi

Ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, ariwo tí ẹ pa láàárọ̀ yìí, mo gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ tó ń fa omi kọṣẹ́, kò tíì pẹ́ rárá, ilé ti dàrú. Ẹnìkan ń ké láti òkè pé, "Grandpa, water no dey o," bí ẹni pé abẹ́ àga mi ni mo gbé odò pamọ́ sí. Òmíràn ní òun kò ní lọ síléèwé bí òun kò bá wẹ̀. Ìyá yín ń pe àwọn ọlọ́kọ̀ omi lórí fóònù, ó ń bẹ̀ wọ́n bí ẹni ń bẹ àna. Èmi jókòó, mo ń rẹ́rìn-ín sínú. Nísinsìnyí tí omi ti dé, tí ara gbogbo yín ti tutù, ẹ súnmọ́ mi. Ẹ fi fóònù yẹn sílẹ̀ ná, kò ní sá lọ. Ẹ ti máa ń bi mí ní ìdí tí Ràfátù ẹ̀gbọ́n mi, ìyá àgbà yín tó wà ní Emene, fi ń pè mí ní Òsì, tí kì í pe orúkọ mi. Òní ni màá sọ ọ́.

Kóòlù Káàmù, àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ èédú, ni mo gbọ́njú sí, nígbà tí bàbá mi padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Énúgù lẹ́yìn ogun. Yàrá kan la ní, nínú àgbàlá tí yàrá kọjú sí yàrá. Bàbá mi, ìyá mi, Ràfátù, èmi, àti Múfú àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tàgétàgé, gbogbo wa ló ń sùn níbẹ̀. Bí ẹnìkan bá yí ẹ̀gbẹ́ padà, gbogbo wa la máa yí i. Àwa nìkan ni Yorùbá nínú àgbàlá náà, Ígbò ni àwọn tó kù. Ìyá Ńgọ́zi tó kọjú sí wa kò gbọ́ Yorùbá, ìyá mi kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Ígbò, síbẹ̀ wọ́n máa ń ṣòfófó láti àárọ̀ títí ọbẹ̀ á fi jóná. Títí dòní, mi ò mọ èdè tí wọ́n ń fi sọ ọ́.

Ẹ ò lè mọ bí ìlú yìí ṣe ń dún nígbà náà. Fèrè ilé iṣẹ́ èédú ló ń jí wa, a kì í wo aago. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin á súfèé, tí àwọn wágúnnù tó ń kó èédú lẹ́yìn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kọlu ara wọn, gbàmù, gbàmù, gbàmù, ìró náà á máa lọ títí á fi kú lẹ́sẹ̀ òkè. Eruku èédú wà lórí ohun gbogbo. Bí bàbá mi bá wọ agbádá funfun jáde nílé lọ́jọ́ Jímọ̀, kó tó dé mọ́sáláṣí, aṣọ náà á ti di aláwọ̀ eérú. Lónìí, kí là ń gbọ́ ní Trans-Ekulu níbí? Jẹnẹrétọ̀. Ti aládùúgbò á bẹ̀rẹ̀, tiwa náà á sì gbè é.

Iṣẹ́ bàbá mi ni síso wágúnnù mọ́ra wọn. Ọ̀kan á dúró, èkejì á máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bàbá mi á wà láàárín, á fi irin kọ́ irin, á sì bọ́ síta. Ó mọ̀ ọ́n ṣe débi pé orin ló ń kọ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ kan, òjò ti rọ̀, ilẹ̀ ń yọ̀, wágúnnù sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ló há. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé láti ọsibítù, àtàǹpàkò àti ọmọ ìka kan ló kù lọ́wọ́ náà, wọn kò sì ṣe é ká mọ́. Ẹni tí kò lè di irin mú kò lè so wágúnnù. Bí iṣẹ́ ṣe parí nìyẹn.

Bàbá mi tó jẹ́ pé orin rẹ̀ ló máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé wá di ẹni tó ń kọjú sí ògiri. Ó máa ń fi ọwọ́ náà pamọ́ sábẹ́ apá agbádá, àní nínú ilé, níwájú àwa ọmọ tí a bí sílé. Bí ó bá fẹ́ jẹun, á kọ́kọ́ wò yíká. Ojú rẹ̀ máa ń bà mí lẹ́rù, àánú rẹ̀ sì máa ń ṣe mí débi pé mo máa ń lọ jókòó sẹ́yìn ilé ìwẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ìyà ńlá bá gbé ni ṣánlẹ̀, kéékèèké a máa gorí ẹni. Ọyẹ́ ọdún yẹn le, ẹ̀rọ omi àdúgbò gbẹ, oúnjẹ wọ́n, bàtà mi já, kò sì sẹ́ni tí mo lè sọ fún.

Ìyá mi kò sọkún lójú wa. Ó ra àgbàdo, ó rẹ ẹ́. Ẹ̀kọ ló fẹ́ máa sè fún títà. Ẹ̀yin mọ ẹ̀kọ inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà níwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹ rò pé ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wú u. Àgbàdo á kọ́kọ́ rẹ̀ títí á fi kan, a ó gbé e lọ fún ọlọ́lọ̀, a ó fi aṣọ sẹ́ ẹ, èérí á jáde, ògì á silẹ̀ sábẹ́ omi. Lẹ́yìn náà ni iná, orógùn, àti apá tí kì í rẹ̀. Ìgbà tó bá jinná la ó fi ìgbákọ bù ú sínú ewé, a ó pọ́n ọn, a ó sì tẹ́ ẹ kó tutù. Àwọn aládùúgbò wa kì í pè é ní ẹ̀kọ, àgídí ni wọ́n ń pè é. Inú ìyá mi máa ń dùn sí i. Ó ní orúkọ náà bá a mu, nítorí àgídí ni òun fi ń sè é.

Omi ni iṣẹ́ yẹn ń jẹ. Ẹ̀kọ ń fẹ́ omi ju ọmọ tuntun lọ. Odò ìsàlẹ̀ la ti ń pọn ọ́n, èmi àti Ràfátù, agolo kẹrosíìnì lórí wa, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, agolo á máa dún kóro kóro, bí a bá ń gòkè, kò sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀. Ràfátù máa ń rìn níwájú, á ní kí n máa tẹ ibi tí òun bá tẹ̀. Ní àsìkò Kérésì, egúngún àwọn Ígbò bọ́ sójú ọ̀nà, ó ń le àwọn ọmọ kiri pẹ̀lú pàṣán. Mo ju agolo nù, mo sá. Ràfátù kò sá. Ó dúró gbagidi pẹ̀lú omi lórí, ó wo egúngún náà lójú, ó ní, "My mama dey wait for this water." Egúngún kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A jọ padà lọ pọn tèmi ni, kò sì sọ fún ìyá wa títí dòní. Ìyá àgbà yín nìyẹn, tí ẹ máa ń sọ pé ó ti le jù.

Mi ò bú yín o. Lọ́jọ́ sí, mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú yín fi fóònù pe èkejì, láti yàrá dé yàrá, pé kó bá òun mú omi wá. Mo ní ilé ti tóbi. Mi ò sì gbàdúrà kí ìyà yẹn padà wá. Ẹni tó bá ní ìyà dára, kò tíì jẹ ẹ́ ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà náà, mo lè fi ìró ẹsẹ̀ nìkan mọ ohun tó ń ṣe ẹnikẹ́ni nínú ilé wa.

Ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan pé ẹ̀kọ jinná, ìyá mi nìkan ló ń pọ́n ọn. Ràfátù wà lódò. Ẹ̀kọ ti ń dì nínú ìkòkò, ìyá mi ń yára, ọwọ́ kò ká a. Bàbá mi yí padà láti ibi ògiri, ó dìde, ó wá jókòó ti ìkòkò, ó mú ìgbákọ. Bàbá mi kò ṣe iṣẹ́ ìdí ààrò rí láyé rẹ̀. Ó bu ẹ̀kọ, ó wá ku ẹni tó máa di ewé mú. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó wà lábẹ́ apá aṣọ, kò yọ ọ́. Èmi ni mo súnmọ́ ọn jù. Mo mú ewé, mo ká a bí ìyá mi ṣe ń ká a, mo nà án sí i. Ó dà á sí i. Mo pa etí ewé pọ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún ṣẹ́ ìdí rẹ̀. A mú òmíràn.

Láti ọjọ́ náà lọ ni mo ti di òsì rẹ̀. Bí ẹ̀kọ bá ti jinná, á ní, "Òsì mi dà?" Bí mo bá ń gbá bọ́ọ̀lù níta, á ké pé, "Òsì mi, máa bọ̀." Gbogbo àgbàlá gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀kọ tí àwa méjèèjì ń pọ́n kò kọ́kọ́ dára lójú, orí ń tóbi, ìdí ń tẹ́ẹ́rẹ́. Ìyá Ńgọ́zi gbé ọ̀kan lọ́wọ́, ó wò ó títí, ó ní, "Mama Ràfátù, this agidi get belle o." Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ìyá mi tó ń ko iná dúró, ó kọjú sí ibòmíràn, ó fi etí ìró nu ojú. Ó ti pẹ́ tí a ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn.

Nígbà tó yá, a kì í sọ̀rọ̀ mọ́ bí a bá ń ṣe é. Mo mọ ìgbà tó máa bù ú, ó mọ ìgbà tí mo máa ká a. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin lẹ́nu iṣẹ́ náà, orin tó ń kọ láàárín wágúnnù. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí, lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ pé ara ẹni kan náà ni ọwọ́ kejì gbọ́dọ̀ ti wá.

Ìgbà yẹn ni Bàbá Ọ̀fà dé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, ó ń ta aṣọ lọ́jà ní Ọ̀fà, ó rí já jẹ, ilé rẹ̀ ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹ má rò pé èèyàn burúkú ni. Ọkọ̀ ojú irin ló wọ̀ wá, láti Ọ̀fà lọ sí Kàdúná, láti Kàdúná sọ̀ kalẹ̀ wá sí Énúgù, nítorí pé ó gbọ́ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí àbúrò òun. Ó wọlé, ó rí yàrá wa, ó rí ọwọ́ bàbá mi, ó jókòó sórí ẹní.

Ó sọ fún bàbá mi pé, "Sùlè, ẹnu mélòó lo fẹ́ fi ọwọ́ kan bọ́? Màá mú Ràfátù àti ọmọkùnrin yìí lọ. Wọ́n á jẹun yó, wọ́n á kàwé. Kí Múfú wà lọ́dọ̀ yín. Bí Ọlọ́run bá la ọ̀nà, wọ́n á padà."

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi."

Kí ló tún fẹ́ sọ? Nígbà náà, bí nǹkan kò bá rọgbọ, ẹbí á pín ọmọ tọ́. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ ni wọ́n á máa wò bí aláìmoore. Àbúrò kì í sì í já ẹ̀gbọ́n lẹ́nu. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ni wọ́n, Bàbá Ọ̀fà. Ilé yín náà ni wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n ààwẹ̀ ti wọlé tán, mo sì ti gba iṣẹ́ ògì àti ẹ̀kọ tí gbogbo ará mọ́sáláṣí máa fi ṣínu. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá mi ṣe é tán. Ẹ ó jọ lọ lẹ́yìn ìtúnu."

Bàbá Ọ̀fà kò lè fi ọwọ́ rọ́ oúnjẹ ààwẹ̀ sẹ́yìn. Ó gbà, ó sì dúró tì wá.

Mo fẹ́ lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Mo fẹ́ jẹ ẹran, mo fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti jókòó ti ìkòkò pẹ̀lú bàbá mi, mi ò ní fẹ́ dìde mọ́. Mo rí Ràfátù lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó jókòó ti Múfú lẹ́yìn ilé, tó na ewé sí i, tó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ká a. Ọwọ́ Múfú kò tó ewé. Ó fi ewé náà sẹ́nu, ó jẹ ẹ́. Ràfátù gbà á, ó tún bẹ̀rẹ̀. Bàbá Ọ̀fà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n.

Ojú wá ń ti Bàbá Ọ̀fà láti máa jókòó kí ọmọdé máa pọnmi. Ó ní òun náà á lọ. Wọ́n sọ fún un pé ọ̀nà odò ń yọ̀, ó ní ṣé òun kì í ṣe ọmọ Ọ̀fà ni. Ẹ mọ̀ pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Bí a ṣe gòkè díẹ̀ báyìí, omi dá ọmọ oníjàkadì lulẹ̀, agolo yí lọ, fìlà bọ́ sínú ẹrẹ̀. Èmi àti Ràfátù di ẹnu wa mú. Ó dìde, ó gbọn aṣọ, ó ní, "Ẹ dúpẹ́ pé mo ń gba ààwẹ̀. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi." Nígbà tí bàbá mi gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ òpó. Bàbá Ọ̀fà náà wá ń rẹ́rìn-ín. Ó ní irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ kò jáde lẹ́nu àwọn méjèèjì láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò lọ́dọ̀ ìyá wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá Ọ̀fà rán mi níṣẹ́, ó sì jókòó sí àyè mi. Ó ní òun fẹ́ ṣe òsì fún àbúrò òun. Mo padà dé, mo bá ẹ̀kọ lórí itan rẹ̀, ewé ti ya, bàbá mi ń fi omi tútù rọ̀ ọ́ lára. Bàbá mi ń sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ẹ ò mọ̀ ọ́n." Bàbá Ọ̀fà dìde fún mi.

Ìtúnu dé. A kírun, a jẹun, Ìyá Ńgọ́zi gbé ìrẹsì wá bí a ṣe máa ń gbé ẹ̀kọ fún un ní Kérésì. Ọjọ́ kejì, ìyá mi wẹ̀ fún wa, ó fi òróró pa wá lára, ó di ẹrù wa. Kò tẹ̀lé wa dé ojú irin. Ó ní àgbàdo wà nínú omi, ó sì wọlé lọ. Mo gbọ́ tó ń fi orógùn lu ìkòkò tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Èrò pọ̀ ní ìdíkọ̀. Bàbá Ọ̀fà gòkè, ó jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó na ọwọ́ láti gba àpótí rẹ̀. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé e. Àpótí náà wúwo, ó fì sápá kan. N kò mọ ìgbà tí mo sọ ẹrù tèmi sílẹ̀. Mo kàn rí i pé ọwọ́ mi ti wà lábẹ́ àpótí lápá òsì, Ràfátù ti gbá ìdí rẹ̀ mú, gbogbo wa sì ti gbé e dé ojú fèrèsé. Kò sẹ́ni tó pe ẹnìkankan.

Bàbá Ọ̀fà kò gbà á. Ó ń wo ọwọ́ wa.

Bàbá mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà á. Ọkọ̀ fẹ́ gbéra."

Ó gbà á, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, "Sùlè, mú àwọn ọmọ rẹ padà sílé."

"Ẹ̀gbọ́n mi?"

"O gbọ́ mi. Ọmọ tí o fẹ́ fà lé mi lọ́wọ́ yìí, ọwọ́ rẹ ni. Wágúnnù ti gé ọ̀kan. Èmi kò ní fi ọkọ̀ ojú irin gé èkejì. Ràfátù tó ń ru ilé náà lórí, ṣé òun ni kí n wá mú lọ? Màá máa fi àgbàdo ránṣẹ́ sí yín. Ẹ máa lọ."

Kò sí ẹlòmíràn tó lè sọ ọ́. Bó bá jẹ́ bàbá mi ló sọ ọ́, ìgbéraga ni wọ́n á pè é, bó bá jẹ́ ìyá mi, wọ́n á ní obìnrin náà ti le jù. Àgbà ló mú ọ̀rọ̀ náà wá, àgbà náà ló gbé e padà.

Ọkọ̀ súfèé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Bàbá mi dúró, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀ láàárín èrò, kò nù ún. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà léjìká mi, ó dì mí mú bí ẹni pé ọkọ̀ ṣì lè mú mi lọ. Bí fèrèsé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ń jìnnà, ó fẹ́ juwọ́ sí i, kò sì fẹ́ fi mí sílẹ̀. Ẹ mọ̀ pé nílé wa, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, áńbọ̀sìbọ́sí kí á fi kí àgbà. Bàbá mi fa apá agbádá rẹ̀ sókè, ó na ọwọ́ òsì náà síta níwájú gbogbo ayé, pẹ̀lú ìka méjì tó kù níbẹ̀, ó ń jù ú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Bàbá Ọ̀fà yọ ara síta láti ojú fèrèsé. Òsì ni òun náà fi juwọ́ padà, ó sì ń jù ú títí ọkọ̀ fi bọ́ sẹ́yìn òkè tí a kò rí i mọ́.